Bí A Ṣe Ń Kápá Álígì Nínú Táńkì Omi Oníyọ̀ Kékeré

Nínú táńkì omi oníyọ̀ tí kò ju 80 lítà lọ, kò sí ohun tó máa ń falẹ̀. Oúnjẹ ẹja tó há sẹ́yìn òkúta kan ṣoṣo ti tó láti gbé fọ́sféètì inú omi (èròjà tí álígì ń jẹ) sókè. Bí iná bá sì ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí gíláàsì á fi di àwọ̀ ewé. Álígì, ohun tó ń hù bí ewé nínú omi, kì í ṣe àrùn. Ibi tí iná, omi àti oúnjẹ bá ti pàdé, yóò hù ni. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa ni kí ó má bo iyùn (coral, ẹ̀dá alààyè inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) mọ́lẹ̀, kí ó má sì gba táńkì mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti rí i báyìí, oògùn ni wọ́n ń sáré lọ rà. Oògùn tó pa irú kan kì í ran òmíràn, omi tó mọ́ jù sì wà lára ohun tó ń bí èyí tó burú jù nínú wọn. Nítorí náà, ìdámọ̀ ló ṣáájú, ìdíwọ̀n omi tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà la tó ń ki ọwọ́ bọ omi. Oògùn ló kẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ pọn dandan.

Èwo ló wà níwájú yín?

Bí ó bá jẹ́ eruku àwọ̀ ilẹ̀ ló bo iyanrìn àti gíláàsì, tí ìka bá kàn án tó sì tú ká, diatom ni, irú álígì tíntìntín kan. Inú táńkì tuntun ló ti wọ́pọ̀, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ. Silica (èròjà inú iyanrìn àti gíláàsì) tó wà nínú omi ẹ̀rọ àti iyanrìn tuntun ló fi ń kọ́ ara rẹ̀. Bí silica bá tán, òun náà á tán. Ẹ nu gíláàsì, ẹ yẹ omi tí ẹ ń lò wò, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Owó tí èèyàn bá ná lé diatom lórí, òfò ni.

Bí ó bá jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pupa dúdú tàbí elésè-àlùkò, tó nà gbalaja lórí iyanrìn, tó ń yọ̀, tó ṣeé ká nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó há sábẹ́ rẹ̀, cyanobacteria ni. Wọ́n ń pè é ní álígì pupa, àmọ́ bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbín tí a ń kó sínú táńkì láti jẹ álígì ni kò ní fẹnu kàn án.

Irun àwọ̀ ewé tó rọ̀, tó ń fì nínú omi, tó ń já bí ẹ bá fà á, ìyẹn ni álígì onírun tí gbogbo ayé mọ̀. Derbesia wà lára wọn. Ẹ má ṣe tíì dá ẹjọ́ o. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun funfun, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ọ̀pá kan láàárín, tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ létòlétò, Bryopsis nìyẹn. Ìgbín kì í fẹ́ ẹ jẹ, bí ẹ sì dín oúnjẹ omi kù dé ibi tí iyùn fi ń rù, Bryopsis á ṣì wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù àwọ̀ ewé tó ń dán, tó le, láti orí hóró kékeré dé ìwọ̀n èso àgbáyun, Valonia ni. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni dinoflagellate, ohun alààyè tíntìntín inú omi. Ohun àwọ̀ ilẹ̀ tó ń fà bí ikun imú ni, ó máa ń so okùn tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, iyanrìn lè funfun nini. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á ti padà. Bí ìgbín bá ń sùbú lulẹ̀ láti ara gíláàsì, tí wọn kò sì lè rìn mọ́, tí ohun tó ń fà yìí sì wà nílẹ̀, ẹ má ṣiyèméjì púpọ̀. Àwọn kan lára wọn ní májèlé.

Ojú lásán lè ṣi diatom, cyanobacteria àti dinoflagellate mú fún ara wọn, nítorí náà ẹ dán an wò. Ẹ fi síríǹjì fa díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 20 mìlílítà omi táńkì, ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ dé e, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa títí gbogbo ohun tó dì yóò fi tú. Ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí sẹ́ omi náà sínú ìgò kejì. Ẹ gbé ìgò yìí sábẹ́ iná fún wákàtí kan. Bí okùn àti ikun bá tún kó ara wọn jọ nínú omi tí ẹ ti sẹ́, dinoflagellate ni. Bí omi bá dúró bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹni tó bá ní maikirosíkópù tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 400 kò nílò ìgò. Diatom ní ara gíláàsì, ó sì ń yọ́ lọ ní ìlà tààrà. Cyanobacteria jẹ́ okùn gígùn tó ní oríkèé. Ostreopsis, irú dinoflagellate kan, ṣóńṣó lápá kan, ó sì ń yí po lójú kan. Amphidinium, irú dinoflagellate mìíràn, rí ṣọbọlọ, kì í dúró sójú kan. Ẹ kọ èyí tí ẹ rí sílẹ̀, torí ìtọ́jú àwọn méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí kò rí bákan náà.

Awọ líle elésè-àlùkò tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta típẹ́típẹ́, tí èékánná kò lè ha kúrò? Coralline nìyẹn. Álígì ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá ti gbà, ó ṣòro kí àwọn yòókù tó ráyè níbẹ̀.

Ìdíwọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tó wà nínú táńkì gan-an, nítorí gbogbo òṣùwọ̀n tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló dúró lé e. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po fífẹ̀, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po gíga omi (kì í ṣe gíga gíláàsì), gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Táńkì tó gùn ní 45, tó fẹ̀ ní 30, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní 27, á fún yín ní lítà 36 àti díẹ̀. Òkúta àti iyanrìn ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ó ku bí 30 lítà. Táńkì 30 lítà yìí la ó fi máa ṣírò títí dé ìparí.

Nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì jù láti wọ̀n: náítréètì àti fọ́sféètì. Ẹ jẹ́ kí náítréètì wà láàárín 2 sí 10 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni ppm kan), kí fọ́sféètì sì wà láàárín 0.03 sí 0.1 ppm. Kíìtì fọ́sféètì tí ìlà àwọ̀ rẹ̀ ń fò láti 0 bọ́ sí 0.25 kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún omi tí fọ́sféètì rẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n kan tí ilé-iṣẹ́ Hanna ṣe wà tó ń ka phosphorus ní ppb (ìdá kan nínú bílíọ̀nù). Ẹ sọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde di ìlọ́po 3.066, kí ẹ fi 1,000 pín in. Bí ó bá ka 20, fọ́sféètì yín jẹ́ 0.061 ppm.

Ibi kan wà tí ìdíwọ̀n ti ń tan èèyàn jẹ. Bí irun bá kún òkúta, tí kíìtì sì ń fi òdo hàn, kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ kò sí. Álígì ń jẹ ẹ́ kí ó tó dé inú omi tí ẹ wọ̀n ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tu irun náà kúrò, ẹ dúró ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tún un wọ̀n. Nọ́ńbà yẹn ló sún mọ́ òtítọ́. Òkúta náà a máa fa fọ́sféètì pamọ́ sára, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ti inú omi bá ti wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dàbí ẹni pé ìpààrọ̀ omi kò ṣiṣẹ́: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, lọ́túnla ó ti padà síbi tó wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ omi tí ẹ ń dà sínú rẹ̀ wò. Omi ẹ̀rọ lè ní náítréètì, fọ́sféètì àti silica nínú. Omi tó gba inú asẹ́ RO/DI, èyí tó ń yọ ohun tó yòrò kúrò nínú omi, ló dára (omi RO la ó máa pè é), mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, sì gbọ́dọ̀ ka òdo lára rẹ̀. Bí ó bá ti ń ka 1 tàbí 2, resin (hóró inú asẹ́ náà tó ń fa èròjà mọ́ra) ti ń tán lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí resin tó ti kún lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó ti gbé mì sílẹ̀. Ẹ da lítà àkọ́kọ́ tó bá jáde nù nígbà gbogbo tí ẹ bá tan asẹ́ náà. Omi tó ti dúró nínú rẹ̀ kì í mọ́ tó èyí tó tẹ̀lé e. Omi tó ń gbẹ lójoojúmọ́, omi RO lásán la fi ń dí i, láìsí iyọ̀, nítorí omi ló ń fẹ́, iyọ̀ kì í fẹ́. Ẹni tó bá ń fi omi ẹ̀rọ dí i ń kó ẹrù jọ sínú táńkì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì

Kò sí ìgbín tàbí oògùn tó yá ju ọwọ́ lọ. Irun tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ìgbín kékeré kì í lè jẹ ẹ́. Títu ni wọ́n ń tu ú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn iyùn Zoanthus àti Palythoa lè ní palytoxin, májèlé tó le gan-an. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n, ẹ má gé wọn, ẹ má sì da omi gbígbóná lu òkúta tí wọ́n wà lórí rẹ̀, torí èéfín omi náà lè gbé májèlé náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú. Ẹ má sì fi ẹnu fa rọ́bà omi.

1. Ẹ pa pọ́ńpù. Ẹ fa lítà mẹ́rin omi táńkì jáde, ẹ pín in sínú abọ́ ńlá méjì.
2. Ẹ gbé òkúta tó bá ṣeé gbé sínú abọ́ kìíní. Ẹ fi ìka àti ẹ̀mú tu irun náà láti ìdí, kì í ṣe kí ẹ rẹ́ ẹ lórí. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, tí ọṣẹ kò kàn rí, fọ ojú òkúta náà, kí ẹ máa rì í bọ omi inú abọ́ léraléra.
3. Ibi tí ìdí irun bá ṣì kù, ẹ fi síríǹjì kán hydrogen peroxide oní-3% sí i, níbi tí kò ti sí iyùn nìkan. Á hó. Ẹ kà á dé ìṣẹ́jú mẹ́ta.
4. Ẹ ṣan òkúta náà nínú abọ́ kejì, kí ẹ dá a padà sínú táńkì. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ fún òkúta kan, kí ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ má bàa kú.
5. Ẹ da omi abọ́ méjèèjì nù. Ẹ fi omi oníyọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje, ibi tí peroxide kàn á funfun, á sì jábọ́. Ẹ má ṣe ju òkúta méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ kan. Àwọn kan máa ń da peroxide tààrà sínú táńkì, mìlílítà kan fún 40 lítà lójúmọ́, ìyẹn 0.75 mìlílítà fún 30 lítà wa. Nínú táńkì kékeré, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀. Edé amúra-ẹja-mọ́ kì í fara dà á dáadáa, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n lórí síríǹjì péré, òṣùwọ̀n ti di ìlọ́po méjì.

Òkúta tí kò ṣeé gbé ńkọ́? Ẹ fi okùn rọ́bà so orí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mọ́ ẹnu rọ́bà omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́fà. Bí ẹ ṣe ń ha, ni rọ́bà ń fa èyí tó já lọ sínú garawa. Èyí ṣe kókó, nítorí ègé irun tó bá fò lọ nínú omi, ibòmíràn ni yóò ti hù. Bí lítà mẹ́rin bá jáde kí iṣẹ́ tó parí, ẹ dúró. Ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Oúnjẹ, ìpààrọ̀ omi, iná

Oúnjẹ dídì oní-kúùbù kì í ṣe ẹran nìkan, omi ẹran wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú ife, ẹ dà á sínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ tóóró, ẹ fi omi RO ṣàn án, kí ẹ tó fún ẹja. Ẹja kékeré méjì kò lè jẹ kúùbù kan tán. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ tó. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ jù, ẹ fi síríǹjì fà á jáde. Òwú asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ìdọ̀tí tó gbà á jẹrà, á sì padà di náítréètì nínú omi kan náà.

Ìpààrọ̀ omi lọ́sẹ̀: lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀ nínú 30. Iyọ̀ inú omi gbọ́dọ̀ jẹ́ 35 ppt (ìdá 35 nínú 1,000), tàbí 1.026 lórí òṣùwọ̀n specific gravity. Nǹkan bí 36 sí 39 gíráàmù iyọ̀ fún lítà kan ló sábà máa ń gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n refractometer (ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ omi) ló ni àṣẹ, ẹ sì fi omi ìdánwò oní-35 ppt tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ooru omi tuntun bá ti táńkì mu, bí 25 sí 26 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ẹ ṣe ń fa omi jáde, ẹ ti ẹnu rọ́bà bọ inú iyanrìn, ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ má tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iyanrìn tí wọn kò fọwọ́ kàn fún ọdún kan lè tú ẹ̀gbin tó máa pa ẹja sílẹ̀ bí ẹ bá dà á rú lójijì.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Bí náítréètì bá jẹ́ 40, tí ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún, 32 ló kù. Ìkejì á gbé e dé nǹkan bí 26, ìkẹta dé bí 20, ìyẹn bí kò bá sí òmíràn tó ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá pààrọ̀ ìdajì omi lójúmọ́ kan láti yára ti da gbogbo ohun tó wà láàyè nínú táńkì láàmú.

Iná: wákàtí mẹ́jọ tó. Ẹ lo ẹ̀rọ aláago kí ó máa tàn kí ó sì máa kú fúnra rẹ̀. Bí iná LED yín bá ní àwọ̀ tó ṣeé yí, ẹ fi búlúù sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ dín funfun kù dé ìdajì, kí pupa àti àwọ̀ ewé má ju ìdá mẹ́wàá kan lọ. Búlúù ni iyùn ń lò jù, wọn kò ní ráhùn. Táńkì tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọ inú rẹ̀, ẹ ta aṣọ sí fèrèsé náà tàbí kí ẹ gbé e kúrò.

Omi tí kò rìn ni cyanobacteria fẹ́ràn. Ẹ ṣètò pọ́ńpù tó lè yí omi táńkì po ní ìgbà 20 sí 30 láàárín wákàtí kan. Fún 30 lítà, 600 sí 900 lítà ni. Ẹ da oúnjẹ díẹ̀ sínú omi kí ẹ máa wo ibi tó ti ń dúró sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń kó jọ sí, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ dojú pọ́ńpù kọ.

Àwọn ẹranko tó ń jẹ ẹ́

Ìgbín Trochus ni a fẹ́ràn jù: bí ó bá ṣubú tó dojú dé, ó lè yí ara rẹ̀ padà. Astraea kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tó bá dojú dé sí ló máa ń kú sí. Cerith ń ṣiṣẹ́ lórí iyanrìn. Nassarius kì í jẹ álígì rárá, ẹran tó ṣẹ́kù ló ń jẹ, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Turbo lágbára lórí irun, àmọ́ ó tóbi, á máa ti iyùn ṣubú. Fún 30 lítà, Trochus mẹ́ta àti Cerith mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wò wọ́n kí ẹ tó ronú kan òmíràn. Ìgbín tí ebi pa kú á jẹrà, èyí á sì tún bọ́ álígì tí ẹ ń lé.

Ìgbín kò fẹ́ kí iyọ̀ omi yí padà lójijì. Ẹ gbé wọn sínú abọ́ pẹ̀lú omi tí wọ́n bá wá, kí ẹ máa kán omi táńkì sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ìgbín tó kú ní ọjọ́ kejì, ìkánjú ló pa wọ́n.

Akàn emerald, Mithraculus sculptus, ń jẹ Valonia. Ẹyọ kan ni o. Ẹ máa ṣọ́ ọ, torí bí Valonia bá tán, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ iyùn wò. Sea hare, ẹ̀dá òkun kan tó jọ ìgbín tí kò ní ìkarahun, ń jẹ irun gan-an, ṣùgbọ́n táńkì kékeré kò ní oúnjẹ tó máa bọ́ ọ pẹ́, bí ó bá sì bínú tàbí tó kú, ohun tó ń tú jáde lè pa ẹja. Ẹja tang, tó ń jẹ álígì, kò sí lára ọ̀rọ̀ táńkì yìí rárá.

Bí fọ́sféètì kò bá wálẹ̀

Lẹ́yìn oṣù kan oúnjẹ tó wà níwọ̀n àti omi RO, bí fọ́sféètì bá ṣì ju 0.15 lọ, ẹ lo GFO, ìyẹn hóró irin dídógùn-ún tó ń fa fọ́sféètì mọ́ra. Ẹ ṣan án pẹ̀lú omi RO títí omi pupa kò fi ní jáde mọ́, ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ fi sí ibi tí omi ti ń kọjá dáadáa. Ìdajì òṣùwọ̀n tó wà lára ìgò rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn omi ní ọjọ́ méjì-méjì. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ yọ ìdajì kúrò. Iyùn tí fọ́sféètì rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń funfun láti ìdí, táńkì tó dé òdo sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún dinoflagellate.

Ẹ má lo oògùn álígì tí wọ́n ṣe fún omi aláìníyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bàbà nínú, bàbà sì ń pa ìgbín, edé àti iyùn.

Àwọn olórí kunkun

*Cyanobacteria.* Ẹ fa á jáde pẹ̀lú rọ́bà, ẹ tún ìrìn omi ṣe, ẹ pa iná fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí ẹ fi aṣọ dúdú bo táńkì. Pọ́ńpù àti afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kú, torí ohun tó ń kú nínú òkùnkùn ń jẹ afẹ́fẹ́ omi. Ẹ tú aṣọ ní ọjọ́ kẹrin, kí ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún omi. Bí náítréètì bá wà ní òdo tí fọ́sféètì sì ga, ibẹ̀ ni ìṣòro wà: àwọn kan lára bakitéríà yìí lè lo nitrogen gáàsì tó yòrò sínú omi, wọn kò nílò náítréètì yín. Ẹ gbé náítréètì sókè díẹ̀ bí a ó ṣe ṣàlàyé nísàlẹ̀, níbi ọ̀rọ̀ dinoflagellate. Àwọn ohun ìpa-cyano tó wà lọ́jà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ èédú asẹ́mi kúrò kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ fi òkúta afẹ́fẹ́ (èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi) kún un, kí ẹ pààrọ̀ omi nígbà tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ ṣe é.

*Dinoflagellate.* Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa dídín oúnjẹ kù, ẹ yí i padà. Ẹ dáwọ́ ìpààrọ̀ omi dúró. Ẹ yọ GFO. Ẹ gbé náítréètì dé 5 sí 10, fọ́sféètì dé 0.1, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹ yọ́ gíráàmù 16.3 potassium nitrate tó mọ́ sínú lítà kan omi RO. Mìlílítà kan rẹ̀ ní mílígíráàmù 10 náítréètì nínú, nítorí náà mìlílítà mẹ́ta á gbé 30 lítà sókè ní 1 ppm. Ẹ má kọjá 2 ppm lójúmọ́. Fún fọ́sféètì, oúnjẹ ẹja púpọ̀ díẹ̀ lè ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe fún táńkì iyùn. Ẹ fi èédú asẹ́mi tuntun síbẹ̀ láti fa májèlé rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ Ostreopsis, ó máa ń gbéra sínú omi lóru, nítorí náà iná UV tó ń fa omi láti inú táńkì fúnra rẹ̀ á mú un, pàápàá pẹ̀lú òkùnkùn ọjọ́ mẹ́ta. Amphidinium kì í kúrò nínú iyanrìn, UV kò sì rí i mú. Èyí gba sùúrù: àwọn kan máa ń fi silica kún omi kí diatom lè gba iyanrìn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ má sì yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ karùn-ún.

*Valonia.* Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́ nínú omi. Ẹ gbé òkúta jáde, ẹ ti orí skúdíráfà tín-ín-rín bọ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lódindi, kí ẹ ṣan òkúta náà. Èyí tí kò ṣeé gbé jáde, ẹ jẹ́ kí ẹnu rọ́bà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fà, kí ohun inú rẹ̀ má bàa tú ká bó bá bẹ́.

*Bryopsis.* Fluconazole, oògùn tí èèyàn ń lò fún àrùn olú (fungus), ló ń pa á. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń sin iyùn mọ̀ ni nǹkan bí mílígíráàmù 5 fún lítà kan: 150 fún 30 lítà wa, ìyẹn kápúsù oní-150 kan ṣoṣo. Ẹ yọ èédú àti GFO, ẹ pa UV àti skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó fa ìdọ̀tí jáde nínú omi). Ẹ tú kápúsù náà sínú ife omi táńkì, ẹ rò ó, ẹ dà á síbi tí omi ti ń rìn. Kò ní yòrò tán lójú ẹsẹ̀, ẹ má dààmú. Ẹ má pààrọ̀ omi fún ọjọ́ 14. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á sì funfun. Ẹ máa tu òkú rẹ̀ bó ṣe ń kú, torí bó bá jẹrà níbẹ̀, fọ́sféètì rẹ̀ padà sínú omi nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ pààrọ̀ lítà mẹ́fà, kí ẹ dá èédú padà. Ó lè pa Derbesia náà, ṣùgbọ́n kò kan cyanobacteria tàbí dinoflagellate.

Òkúta tí gbogbo rẹ̀ kọ̀ láti gbọ́

Nígbà míì, òkúta ti mu fọ́sféètì débi pé kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ẹ gbé e lọ sínú garawa òkùnkùn, ìdá mẹ́ta òkúta táńkì lẹ́ẹ̀kan, torí inú òkúta yìí ni bakitéríà tó ń sọ ammonia (májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá) di náítréètì ń gbé, táńkì kò sì lè dá wà láìsí i. Ẹ fi omi oníyọ̀ kún garawa náà, ẹ ki híítà àti pọ́ńpù kékeré bọ̀ ọ́, kí ẹ dé e kí ìmọ́lẹ̀ kankan má wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn òkúta náà nínú omi, ẹ da omi ìdọ̀tí nù, kí ẹ fi tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló máa ń gbà. Ó ti ṣe tán nígbà tí ammonia bá jẹ́ òdo, tí fọ́sféètì omi garawa kò sì kọjá 0.1 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò pààrọ̀ omi. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì máa wọn ammonia táńkì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹ tó gbé ìdá kejì jáde.